Òórùn Efinrin Lára Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé kí ni mo lọ wá lókè Ìdáàṣà, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Mo mọ ohun tí àwọn kan ti sọ. Wọ́n ní mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú adìyẹ. Àwọn mìíràn ní mo lọ bá obìnrin kan jà. Òótọ́ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ọ́ tán nínú wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Òjòwú ni mí. Mi ò fi bò. Bí ọkọ mi bá kí obìnrin kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́jà, mo ti fẹ́ mọ agbo ilé tó ti wá. Bàbá Tàwá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ mi, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ bá mi bi í bóyá ó ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ṣakí

Àgbàdo ni Bàbá Tàwá ń tà. Ó máa ń lọ kó o lẹ́yìn ẹnubodè, ní ìhà Ṣàbẹ́ àti Ìdáàṣà, á kó o wá sí Ṣakí. Èmi ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé wa, àgbàdo tó bá kó bọ̀ ni mo sì ń lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn. Ní ìgbà òjò tó kọjá, adìyẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọn ò wúkọ́, wọn ò ṣu ẹ̀jẹ̀. Wọn á kàn máa tòògbé, ìyẹ́ wọn á rí játijàti, ẹyin á dínkù, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, a ó bá wọn tí wọ́n ti na ẹsẹ̀.

Dókítà ẹran wá, ó la ọ̀kan wò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wú, ó sì pọ́n rúsúrúsú. Ó ní oúnjẹ ni, pé àgbàdo tó bá bu máa ń ní oró kan nínú tí ojú kì í rí, tí iná kì í pa, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń bá jà. Mo ní mo máa ń ṣa àgbàdo mi. Ó ní oró náà lè ti wọ inú hóró tó dára lójú.

Ohun tó dùn mí ju ikú adìyẹ lọ ni ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín òkú adìyẹ, mò ń sunkún, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Adìyẹ ṣáà ni, Ìyá Tàwá. A ó ra òmíràn." Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú, mo sì ń bọ́ ọ níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni òórùn dé. Bó bá ti ìrìn-àjò bọ̀, aṣọ rẹ̀ á máa ta sánsán. Efinrin ni, tí koríko ọba dà pọ̀ mọ́ ọn, ó wà nínú fìlà rẹ̀, ó wà nínú irun rẹ̀. Mo bi í, ó ní òórùn ọjà ni. Ọjà wo ni wọ́n ti ń fi efinrin wẹ̀ fún oníbàárà? Tẹ́lẹ̀, bó bá ti ra ọjà rẹ̀ tán ló ń bọ̀ wálé. Ó wá di ẹni tó ń sùn sọ́nà. Bó bá sì jẹun yó tán, á ní, "Obìnrin kan wà ní Kèrè, nítòsí Ìdáàṣà, Tàntí Odẹ́tì ni wọ́n ń pè é. Òróró ewé ló ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ rẹ̀. Adìyẹ rẹ̀ kì í kú." Ojú rẹ̀ á máa tàn bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú títàn tí mò ń wí.

Adìyẹ tó kù mí lọ́wọ́ ò tó nǹkan mọ́, ọkọ kan ṣoṣo náà ni mo sì ní. Mo wò ó pé bí mo bá jókòó, méjèèjì á lọ. Mo sọ fún un pé mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ṣàbẹ́. Mo sì kí i lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ̀ síwájú.

Ìdáàṣà

Àwa ará Ṣakí tí à ń fi òkè yangàn, ẹ jẹ́ ká rọra. Òkè tí mo rí níbẹ̀ yí ìlú ká, àpáta lórí àpáta, ilé sì wọ àárín wọn bí ẹni pé òkè ló ń pọ̀n wọ́n. Inú mi ò dùn sí i. Mo tún wá rí i pé orí àpáta náà ni wọ́n ń sá nǹkan sí. Àgbàdo wà lórí rẹ̀, ata wà lórí rẹ̀, èlùbọ́ wà lórí rẹ̀. Oòrùn ń lu ú lókè, àpáta ń yan án nísàlẹ̀. Mo rántí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí èmi ń sá tèmi sí, tí òjò bá ṣú kí n máa sáré kiri. Ọlọ́run fún àwọn kan ní àpáta títẹ́, ó fún èmi ní ọ̀gbàrá.

Mo ń sọ ọ̀rọ̀ wọn níbí ní èdè tiwa kó lè yé yín. Èdè tiwọn dà bí ti àbúrò ẹni tó ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè: o gbọ́ ọ, o rò pé o ti mú un, ó tún yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Faransé sì wà láàárín rẹ̀ bí òkúta nínú ìrẹsì. "Bọn arifé!" ìyẹn ẹ kú àbọ̀, ni gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ń kí mi. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì kí mi bẹ́ẹ̀, ìyá arúgbó tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ kí mi bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti lanu, wọ́n á ní, "Ará Nàìjíríà ni," wọ́n á wá gbé ohùn sókè bí ẹni pé etí mi ló di nígbà tí mo kọjá ẹnubodè.

Níbi tí mo ti yà béèrè ọ̀nà, onílé ò dá mi lóhùn. Ó wọlé lọ, ó bu omi sínú ife, ó mu díẹ̀ níbẹ̀ lójú mi, ó gbé ìyókù fún mi. Ìgbà tí mo mu ún tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé kí ni mo ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àlejò kì í sọ ẹjọ́ lẹ́nu gbígbẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà wọn, tí wọ́n ń pè ní sẹ̀míjàn, ló gbé mi lọ sí Kèrè. "Ọ̀dọ̀ ta ni, Màmá?" Mo ní ọ̀dọ̀ Tàntí Odẹ́tì. Ó bojú wẹ̀yìn. "Ohùn Ṣakí nìyí! Ṣé ẹbí Bàbá Alágbàdo ni yín?"

Mo ní, "Ìyàwó rẹ̀ ni mí."

"Ẹ bíẹ̀n!" ó ní, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n níbí."

Ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ mi. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Títí tí a fi dé Kèrè ni mo ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lẹ́nu, èyí tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí mo máa fi gún un lára.

Kèrè

Òórùn ọkọ mi ló kọ́kọ́ pàdé mi. Mi ò tíì rí ilé, mi ò tíì rí èèyàn, efinrin ti dé imú mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tọ òórùn náà lọ.

Mo wọ inú agbo ilé kan, mo bá àwọn obìnrin tí wọ́n yí iná ká. Àgbá irin kan wà lórí iná náà, wọ́n dé e pa. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti orí rẹ̀ jáde, ó gba inú agbada omi tútù kọjá, ó sì ń kán tó, tó, tó sínú ìgò nísàlẹ̀. Ewé ló wà nínú àgbá náà, efinrin àti koríko ọba. Ooru ló ń gbé òróró wọn jáde, omi tútù á sì sọ ooru náà di omi padà. Èéfín àti òórùn bo gbogbo wọn. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sábẹ́ igi, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òun náà ń rùn bí ọkọ mi.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tàntí dìde. Lójú ọ̀nà, mo ti gbàdúrà kó jẹ́ arúgbó, tàbí kó burẹ́wà. Kò jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹgbẹ́ mi ni, adúmáadán, ó ní èjí, ọrùn rẹ̀ gùn. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọlọ́kadà pé opó ni. Mo lanu láti bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró. Ó bu omi, ó mu díẹ̀, ó gbé e fún mi. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo gbà á mu. Kí n tó da ife padà, ó ti fa igi ìdáná kan yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ fi sábẹ́ rẹ̀."

Mo fi sábẹ́ rẹ̀. Mi ò ronú sí i. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ó parí," ni ọ̀kan wí. "Ẹ ò lè lọ mọ́."

Ìgbà náà ni wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Ẹnikẹ́ni tó bá bá ìkòkò òróró lórí iná á fi igi kan sí i, kò sì ní í kúrò nínú agbo ilé náà títí tí òróró fi máa jáde tán. Àlejò ni, onílé ni, fádà ni, òfin kan náà ni. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá fi igi sí i tó sì lọ, òróró á fà sẹ́yìn.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ni mo bá wá, mi ò bá ìjókòó wá."

Tàntí Odẹ́tì wò mí dáadáa. Mo rí i pé ó ti mọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. "Dusumọ́ọ̀, ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ò ní í jóná. Ẹ jókòó."

Bí mo ṣe jókòó lórí àpótí kékeré kan ti ẹni tí mo wá bá jà nìyẹn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Èmi ń wo iná, òun ń wo iná, àwọn yòókù ń wo àwa méjèèjì.

Nígbà tó yá, ó ní kí n wá wo àwọn adìyẹ òun, wọ́n wà nínú agbo ilé kan náà. Háà! Owú ọkọ ni mo gbé ti Ṣakí bọ̀. Nígbà tí mo rí adìyẹ obìnrin yìí, owú mìíràn tún gun orí rẹ̀. Ogbe wọn pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ìyẹ́ wọn ń dán. Wọ́n ń ké, wọ́n ń ta ìpàǹpá, wọ́n ń ṣe gbogbo ìwà tí adìyẹ alára líle ń hù. Mo rántí tèmi tí wọ́n ń tòògbé, ó ń ṣe mí bíi kí n fọ́ ẹyin kan mọ́lẹ̀ kí ọkàn mi lè rọ̀.

"Kì í ṣe òróró nìkan," ó sọ fún mi, bí ẹni pé mo bi í. "Bí àgbàdo bá ti bu, òróró ò lè sọ ọ́ di tuntun. Orí àpáta la ti ń gbẹ ẹ́ kó tó rí àyè bu, a ó sì ṣà á. Òróró ló ń dí bíbu lọ́wọ́ nínú àpò, tí ìwọ̀nba oró bá sì yọ́ wọlé, á ran ẹ̀dọ̀ wọn lọ́wọ́."

Ó fi bó ṣe ń ṣe é hàn mí. Ìkán òróró díẹ̀ ni, kò dà á sínú àpò. Inú ìwọ̀nba èèrí ló kọ́kọ́ kán an sí, ó fọwọ́ pò ó títí, kó tó da èèrí náà mọ́ ìyókù oúnjẹ. "Bó bá pọ̀jù, wọ́n á kọ̀ ọ́. Bí ò bá sì kárí, ọ̀kan á jẹ gbogbo rẹ̀, ìyókù ò ní í rí nǹkan kan."

Mo wá àléébù. "Ṣé kì í rùn nínú ẹyin?"

Kò bínú. Ó dín ẹyin fún mi, ó gbé e lé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà tí wọ́n fi wàrà díndín sí. Mo jẹ ẹyin náà pẹ̀lú ìfura, mo rọra ń fi ahọ́n wá efinrin kiri nínú rẹ̀. Ẹyin lásán ni. Iyán wọn náà kúnná, ọmọ Òkè-Ògùn sì ni mí, mo mọ iyán. Mo jẹ ẹ́ tán. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń lá ọwọ́.

Bàbá tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ sún mọ́ wa nígbà tí oòrùn rọlẹ̀. Katẹkísì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, ilé rẹ̀ ló kángun sí ti Tàntí Odẹ́tì. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó Bàbá Alágbàdo?" Mo ní èmi ni.

"Fuwala, ẹ̀yin rèé! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fi igi sí iná, tí òróró bá pẹ́ kó tó jáde, ilé mi ló ń sùn. Ọkùnrin yẹn ń hanrun!"

Mo ní, "Báwo ló ṣe ń hanrun?"

Bàbá náà dijú, ó fà á sókè lọ, ó dúró gbọ́n-ún bí ẹni tó ti kú, ó wá sọ ọ́ kalẹ̀ gburugburu bí ẹ̀rọ ìlọta. Ọkọ mi ni. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń hanrun bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ irú ìhanrun yẹn, ó gbọ́dọ̀ sùn tì í. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ara tù mí débi pé mo tún fa igi kan sábẹ́ iná fúnra mi.

Ohun tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀

Bí mo bá dìde lọ nígbà náà, ìtàn ayọ̀ ni mo máa sọ fún yín. Ṣùgbọ́n òróró ò tíì jáde tán.

Ara Tàntí Odẹ́tì náà ti balẹ̀. Ó rò pé a ti di ọ̀rẹ́. Ó ní, "Àwọn adìyẹ yín tó kù, ṣé wọ́n ń jẹun? Ẹ̀rù bà wá lọ́jọ́ tí Bàbá Alágbàdo sunkún níbí."

"Ta ló sunkún?"

Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ parí rẹ̀."

Ó ní òjò ló pa àgbàdo lórí ọkọ̀ nígbà kan tí ọkọ mi ń bọ̀ wálé; tapólì ló ya. Ó sá a, ó gbẹ, ó dára lójú. Kò fẹ́ kó irú rẹ̀ fún oníbàárà, ó ní kí wọ́n má bàa bà á lórúkọ jẹ́, ló bá kó o sílé fún adìyẹ. Nígbà tí dókítà ẹran sọ̀rọ̀, ó mọ̀. "Ibi tí ẹ jókòó sí yẹn ló jókòó sí," ni Tàntí Odẹ́tì wí. "Ó ní òun lòun pa adìyẹ ìyàwó òun, pé òun rí i tó ń sunkún láàárín òkú wọn, òun ò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sunkún bí ọmọdé. Ó ní ká kọ́ òun ní nǹkan tí òun lè gbé lọ bá yín kí òun tó lè sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ń lọ, á ní òun máa sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo ìgbà tó bá sì padà wá, kò tíì sọ ọ́."

"Kí ló dé tí kò sọ ọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ó ní ẹnu yín mú."

Ẹ̀yin ará ilé, bó bá jẹ́ pé wọ́n jọ sùn ni, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Mà á pariwo, mà á ya aṣọ, mà á kó ẹbí jọ, ẹjọ́ á sì tán níbì kan. Èyí ò ní ẹjọ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, mi ò rí omijé rẹ̀ rí, kódà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó gbé e kọjá ẹnubodè, ó gbé e kọjá gbogbo òkè wọ̀nyẹn, ó lọ sun ún níwájú ẹlòmíràn. Fún èmi, "adìyẹ ṣáà ni." Bí mo ṣe jókòó lórí àpótí kékeré yẹn, mo jowú bí mi ò ṣe jowú rí láyé mi, mi ò sì lè dìde, nítorí igi mi wà lábẹ́ iná.

Tàntí Odẹ́tì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà ń jowú yín o. Ọkọ tèmi bá mi gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò bẹ̀rù ohun tí mo lè sọ rí. Bí inú mi bá bà jẹ́, kò mọ̀."

Mo ń ti igi mi wọ iná. Mo gbọ́ ọ ṣá o.

Nígbà tí òróró jáde tán, wọ́n bù ú sínú àwọn ìgò kéékèèké, wọ́n fún mi ní tèmi. Wọ́n ní ẹni tó bá fi igi sí i ní ìpín níbẹ̀. Mo dì í mọ́ gèlè mi. Bí mo ṣe ń lọ ni gbogbo wọn ń kí mi pé kí n kí Bàbá Alágbàdo.

Ilé

Bàbá Tàwá wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Ó gba ẹrù lórí mi. Mo rí i tí imú rẹ̀ gbọ̀n sí òórùn efinrin lára mi, ó dúró, ó wò mí.

"Ara ẹ̀gbọ́n Ṣàbẹ́ le?"

"Ara wọn le."

Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í po òróró mọ́ èèrí fún àwọn adìyẹ tó kù. Mo da àgbàdo tó wà nílé nù, gbogbo rẹ̀ pátá, mo ra tuntun. Ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀kan ò kú mọ́, nítorí àwọn tí oró ti jẹ ẹ̀dọ̀ wọn jìnnà kú síbẹ̀. Àwọn ìyókù dúró. Ogbe wọn ti ń pọ́n bọ̀.

Mo ní kí àwọn alágbẹ̀dẹ bá mi jó ọ̀pá mọ́ àgbá kan. Ní ọjọ́ kan tí ọkọ mi fẹ́ jáde lọ sọ́jà, mo já efinrin ẹ̀yìnkùlé wa, mo fi koríko ọba sí i, mo dáná. Ó jáde, ó ti dé fìlà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí àgbá, ó rí ọ̀pá. Mo fa igi kan yọ, mo nà án sí i.

Ó wo igi náà títí. Ó wá ṣí fìlà, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi sábẹ́ iná, ó sì jókòó.

Àgbá gbóná, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ta sánsán, omi kán sínú ìgò. Ọkọ mi wo ìgò náà, kò wo ojú mi.

"Ìyá Tàwá," ó ní, "àgbàdo ìjọ́sí yẹn…"

Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu dẹ́nu, ẹ̀yin náà sì mọ̀ mí. Mo pa á mọ́. Mo fetí sí i láti orí tapólì tó ya títí dé ìparí, bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí omijé dé, mo sún àpótí mi sún mọ́ ọn kí n lè rí i dáadáa.